Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn, ta ni ọmọ máa bá lọ?

"Bàbá ló lọmọ." Gbogbo ibi tí ìjà tọkọtaya bá ti le nílẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń jáde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ á sọ ọ́, ìyá ọkọ á sọ ọ́, àwọn àgbà àdúgbò tí wọ́n pè wá parí ìjà á mi orí sí i, kódà ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ á gbà bẹ́ẹ̀, á kó ẹrù ẹ̀, á fi ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀, á máa sunkún lọ torí ó rò pé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ti pẹ́ tí òfin Nàìjíríà ti kúrò níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ̀rọ̀ lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tíì dé ojúlé púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀, torí ìmọ̀ràn táwọn èèyàn ń fún ara wọn lórí WhatsApp nípa ìkọ̀sílẹ̀ ń ba èèyàn lẹ́rù, òmíràn nínú ẹ̀ lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n.

Ká tó dé orí ọmọ, ìbéèrè kan wà tí lọ́yà á kọ́kọ́ bi yín: irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ìdáhùn yẹn ló máa sọ kóòtù tẹ́ ẹ máa lọ, ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn, àti ohun tẹ́ ẹ lè gbà.

Mẹ́ta ló wà. Ti ìbílẹ̀ wà, èyí tí wọ́n san owó orí, tí ẹbí ìyàwó fa ọmọ wọn lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́. Ti Mùsùlùmí wà, tí alùfáà so yìgì, tí wọ́n san sàdáákì. Ti kóòtù wá wà, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe ní rẹ́jísìrì, bóyá Ìkòyí tàbí ìjọba ìbílẹ̀, tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Aṣọ funfun àti kéèkì kọ́ ló ń sọ ọ́ di ìgbéyàwó òfin, ìwé ni. Bí pásítọ̀ bá so yín pọ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ ò fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísìrì ṣáájú, tẹ́ ẹ ò dúró ọjọ́ 21 tí òfin ní kí wọ́n fi kéde orúkọ yín bóyá ẹnì kan á takò ó, tẹ́ ẹ ò sì gba sátífíkéètì tí ẹ̀yin méjèèjì àti ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí, àdúrà ni wọ́n gbà fún yín, ìgbéyàwó ìdáná tẹ́ ẹ ṣe ṣáájú lẹ ṣì wà lójú òfin.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń ṣe méjì mẹ́ta pọ̀, ìdáná n'Ìjẹ̀bú ní Ọjọ́bọ̀, kóòtù ní Fúráìdé, ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ti kóòtù ló borí, kóòtù ìbílẹ̀ tí àwọn míì ń pè ní kọ́sítọ́márì, irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn tí ẹjọ́ ẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn, ò lágbára láti tú u ká. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ gba ìwé ní kóòtù ìbílẹ̀ torí pé kò wọ́n tí kò sì pẹ́, wọ́n á gbé ìwé yẹn pamọ́, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà wọ́n á tún lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísìrì pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ò tíì tú o! Abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù sọ pé ẹni tó bá ti wà nínú irú ìgbéyàwó yìí tó tún lọ ṣe òmíràn lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Òfin ìgbéyàwó fúnra ẹ̀ tún ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún ẹni tó ṣe ti kóòtù tó wá lọ san owó orí lórí ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé wọn kì í sábà gbé èèyàn lọ sí kóòtù lórí ẹ̀, àmọ́ ìyà tó wà níbẹ̀ kọjá ti ẹ̀wọ̀n: obìnrin kejì tó ti bá ọkùnrin yẹn gbé ogún ọdún, tó bí ọmọ mẹ́ta fún un, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ìyàwó Alàgbà, ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá kú ló máa mọ̀ pé òun kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tiwọn o, torí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 42, sọ pé a ò gbọ́dọ̀ fi irú ọ̀nà tí wọ́n gbà bí èèyàn fìyà jẹ ẹ́. Ìyá wọn ni kò ní ẹ̀tọ́ ìyàwó lábẹ́ òfin.

Ìbéèrè míì tún wà: a ò jọ gbé mọ́ láti ọdún mẹ́jọ, ṣé kò ti tú fúnra ẹ̀? Rárá. Ìgbéyàwó kóòtù kì í tú fúnra ẹ̀, ì báà jẹ́ ogún ọdún, ikú tàbí adájọ́ ló ń tú u. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló wà nípò yìí tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní "ẹni tó kọ ọkọ", wọ́n kàn kó lọ jẹ́jẹ́, ó yé mi, àmọ́ lójú òfin ọkọ ẹ ló ṣì jẹ́, ìwọ náà sì ni ìyàwó ẹ̀, gbèsè ogún àti ti ìgbéyàwó mìíràn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀yin méjèèjì.

Tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, kò nira tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ á lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, á sọ ohun tójú ẹ̀ rí, wọ́n á pe ẹnì kejì, wọ́n á kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ẹ̀, tí wọ́n bá rí i pé ìfẹ́ ti tán wọ́n á tú wọn ká, wọ́n á sì sọ ohun tó bá yẹ lórí owó orí àti lórí àwọn ọmọ. Láyé àtijọ́ ẹbí lè dá owó orí padà kó parí síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń ṣe é, àmọ́ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi mọ síbẹ̀, torí ọjọ́ tí ìwé bá di dandan, ní ẹ́ńbásì tàbí nílé ìfowópamọ́, "àwọn ẹbí ti parí ẹ̀" ò ní ìwé tá a fẹ́ fi hàn.

Ti Mùsùlùmí ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ọkùnrin lè kọ̀, obìnrin náà lè ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀ kó sì dá sàdáákì padà, ìdà, ìyẹn àkókò ìdúró, sì wà tí obìnrin gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Wàhálà tó wà ní ìhà tiwa ni pé kò sí kóòtù Ṣàríà ìjọba ní ìkankan nínú ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lọ, tàbí ìgbìmọ̀ Ṣàríà táwọn Mùsùlùmí fúnra wọn gbé kalẹ̀. Ẹ rántí ariwo tó sọ ní Ọ̀yọ́ àti Èkìtì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 lórí àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí. Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni pé tọkọtaya tí wọ́n jọ gbà láti lọ síbẹ̀ nìkan ni ìgbìmọ̀ lè parí ọ̀rọ̀ fún, kò lè fi tipátipá gbé ẹnikẹ́ni wá, kò sì lè tú ìgbéyàwó kóòtù ká.

Ó wá ku ti ilé-ẹjọ́ gíga. Òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Matrimonial Causes Act, ti wà láti 1970, ọ̀kan ṣoṣo sì ni ìdí tó fi lè tú ìgbéyàwó ká: pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àmọ́ o ò lè kàn dúró níwájú adájọ́ kó o ní ó ti sú mi. Abala 15 to nǹkan mẹ́jọ sílẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ọ̀kan nínú ẹ̀ hàn. Pé ẹnì kejì kọ̀ jálẹ̀ láti bá ẹ sùn láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fẹ́ra. Pé ó ṣe àgbèrè tó ò sì lè fara dà á láti máa bá a gbé, níbí sì rèé, tó o bá dárúkọ ẹni tó bá a ṣe é, wọ́n máa pe ẹni yẹn náà wá sí kóòtù ni, torí náà ẹ má kàn sọ orúkọ olórúkọ sínú ìwé ẹjọ́ torí ìfura. Pé ìwà ẹ̀ burú débi pé kò sẹ́ni tó yẹ kó retí pé kó o máa gbé pẹ̀lú ẹ̀, abẹ́ èyí ni lílù, ìkà, ọtí àmujù máa ń bọ́ sí. Pé ó ti já ẹ jù sílẹ̀ fún ọdún kan. Pé ẹ ò ti gbé pọ̀ fún ọdún méjì tí òun náà ò sì ta ko ìkọ̀sílẹ̀, tàbí fún ọdún mẹ́ta, ìyẹn ò nílò kó gbà tàbí kó má gbà. Méjì yòókù ò wọ́pọ̀. Èyí ọdún mẹ́ta yẹn ló wúlò jù fún ẹni tí kò fẹ́ tú àṣírí ilé síta, kò sí pé ta ló jẹ̀bi, ọdún ló máa sọ̀rọ̀.

Tí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kẹ́ ẹ tó lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá, àyàfi àwọn ẹ̀sùn kan bí àgbèrè. Mo fẹ́ kẹ́ni tí wọ́n ń lù gbọ́ èyí dáadáa: kò sí òfin tó ní kó o dúró nínú ilé títí ọdún méjì á fi pé. Jáde kúrò níbẹ̀. Adájọ́ lè fún ẹ láyè tí ìyà náà bá pọ̀, yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin tó de ìwà ipá nínú ilé wà lọ́tọ̀, Èkó ti ní tiẹ̀ láti 2007, ìjọba àpapọ̀ ṣe VAPP (Violence Against Persons Prohibition Act) ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ń ṣe tiwọn. Lábẹ́ wọn, kóòtù lè fún ẹ ní ìwé àṣẹ tó máa lé ẹni tó ń lù ẹ́ jìnnà sí ẹ, láìjẹ́ pé ẹ tíì kọ ara yín.

Lẹ́yìn gbogbo ẹjọ́, ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n á fún yín kì í ṣe òpin. Decree nisi ni àwọn lọ́yà ń pè é, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló máa ń fìdí múlẹ̀. Tọkọtaya ṣì ni yín nínú oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ má tíì lọ dá ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun. Tẹ́ ẹ bá sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, kò ní fìdí múlẹ̀ títí adájọ́ á fi rí i pé ètò tó yẹ ti wà fún ọmọ náà, ibi tó máa gbé, ẹni tó máa tọ́ ọ, ilé ìwé ẹ̀. Ẹ rí i bí òfin ṣe ń ronú: àwọn àgbà lè máa bá ìjà wọn lọ, wọn ò ní tú wọn sílẹ̀ pátápátá àfi tí ọmọ bá ti ní ibi tó máa fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wá dé wàyí. Abala 71 nínú òfin 1970 yẹn sọ pé ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 tún sọ ohun kan náà, gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn, ti Èkó jẹ́ 2007. Kò sí ibi kankan nínú ẹ̀ tí wọ́n ti ní bàbá ló lọmọ, wọn ò sì sọ pé ìyá ló lọmọ. Ní 1989 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbé ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ gan-an yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ Okwueze, wọ́n gbà pé lábẹ́ àṣà púpọ̀ ní Nàìjíríà bàbá ló ń kó ọmọ, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀tọ́ bàbá yìí ò lè dúró níbi tó bá ti máa pa ọmọ lára. Kóòtù ìbílẹ̀ náà wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó di 1992, nínú ẹjọ́ Odogu, wọ́n tún fi kún un pé àṣẹ ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń san oore fún ẹni tó hùwà dáadáa nínú ìgbéyàwó, kì í sì í ṣe pàṣán tí wọ́n fi ń na ẹni tó ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ibẹ̀ ló ń rú àwọn èèyàn lójú. Ọkọ á dé kóòtù á kó fọ́tò àti mẹ́sééjì jáde láti fi hàn pé ìyàwó òun ní àlè, á rò pé tóun bá ti fi èyí hàn ọmọ ti di tòun nìyẹn. Ìyàwó náà á wá sọ gbogbo bí ọkọ ṣe ń lé obìnrin kiri. Adájọ́ á gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó lè fi tú ìgbéyàwó ká, àmọ́ nígbà tó bá dé orí ọmọ, ìbéèrè tó máa ń bi yàtọ̀. Ta ló ń jí ọmọ yìí láàárọ̀, ta ló ń wẹ̀ fún un? Ta ló mọ orúkọ tíṣà ẹ̀? Nígbà tí ara ẹ̀ gbóná lóru tó ń gbọ̀n, ta ló gbé e dìde, ọsibítù wo ni wọ́n gbé e lọ? Tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, tó o ń jáde lágogo márùn-ún àárọ̀ torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó tó o ń wọlé lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ̀? Yàrá mélòó ló wà ńlé tó o ń gbé báyìí, àwọn wo ló ń sùn níbẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ mẹ́ta yìí ò ní pínyà? Ilé ìwé wọn ńkọ́, ṣé wọ́n máa ní láti yí i padà ní àárín sáà?

Ọmọ kékeré, pàápàá èyí tó ṣì ń mu ọmú, sábà máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, àfi tí ìdí gidi bá wà tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀, bíi kí ìyá máa lo oògùn olóró tàbí kó máa lu ọmọ bí ejò. Ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀ tó lóye, adájọ́ lè pè é lọ́tọ̀ kó gbọ́ ohun tóun náà fẹ́, kì í ṣe pé ohun tó bá sọ ni wọ́n á ṣe ní dandan. Adájọ́ tún lè sún ẹjọ́ síwájú kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ wo ilé méjèèjì kó wá jábọ̀. Tí kò bá sí ìkankan nínú àwọn òbí tó yẹ, wọ́n lè gbé ọmọ fún ẹlòmíràn, ìyá àgbà tàbí àbúrò ìyá ẹ̀ tó ní ilé tó fara balẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Bàbá tó lówó máa ń rò pé owó òun ló máa gba ọmọ fún òun. Owó wà lára ohun tí wọ́n ń wò, àmọ́ kò lè dá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, torí adájọ́ lè gbé ọmọ fún ìyá kó sì pàṣẹ pé kí bàbá máa san owó ilé ìwé. Ìyẹn ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Àṣẹ ìtọ́jú yàtọ̀ sí jíjẹ́ òbí o. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀, ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹbí bàbá ẹ̀, ó ṣì ń pín nínú ogún ẹ̀, oríkì ẹ̀ ò yí padà. Ẹni tí ọmọ ò sì sí lọ́dọ̀ ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa rí i, kóòtù á sọ ọjọ́ ẹ̀, bóyá òpin ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, bóyá ìdajì họlidé. Nígbà míì kóòtù máa ń fún àwọn méjèèjì pọ̀. Àṣẹ yìí kì í ṣe ti títí ayé, tí nǹkan bá yí padà, tí ìyá kó lọ sílùú míì tàbí tí ọkọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ ọmọ, ẹ lè padà lọ kí wọ́n tún un wò.

Ohun méjì ló ń bí mi nínú níbí, mo sì máa sọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni bàbá tó lọ dúró ní gééètì sukúù tó já ọmọ gbà sínú mọ́tò, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní abúlé, ìyá ọmọ ò mọ ibi tó wà fún oṣù mẹ́fà. Èkejì ni ìyá tó ní títí owó oúnjẹ oṣù yìí á fi wọlé, bàbá ò ní gbóhùn ọmọ lórí fóònù. Owó oúnjẹ àti rírí ọmọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú òfin. Bàbá tí kò sanwó, kóòtù ni kẹ́ ẹ mú un lọ, ẹ má fi ọmọ ṣe ìdógò. Ìyá tí kò jẹ́ kó o rí ọmọ, kóòtù náà ni, má dáwọ́ owó dúró torí ọmọ ló máa jẹun, kì í ṣe ìyá ẹ̀ lò ń bá wí.

Lórí owó ìtọ́jú yìí, kò sí iye kan pàtó tí òfin wa dá, kò dà bíi ti àwọn ilẹ̀ míì tí wọ́n ní ìṣirò ẹ̀. Abala 70 nínú òfin 1970 ní kí adájọ́ wo ohun tí kálukú ní, ohun tó lè rí, àti ìwà wọn. Obìnrin tó ń rówó ju ọkọ lọ, òun náà ni wọ́n lè ní kó san. Ó lè máa lọ títí ọmọ á fi pé ọdún 21. Torí náà ẹni tó ń béèrè owó gbọ́dọ̀ mú ìwé wá: rìsíìtì ilé ìwé, káàdì ọsibítù, owó ilé, ohun tó ń ná lórí oúnjẹ lóṣù. Àwọn tó kàn dé kóòtù tí wọ́n ní "ó lówó, ẹ jẹ́ kó san án" ni wọ́n sábà máa ń bu owó kékeré fún, owó tí kò lè ra àpò ìrẹsì kan. Kóòtù ìbílẹ̀ máa ń ní kí bàbá máa san án sọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, ìyẹn dáa torí kò sí pé "mo fún un ní káàṣì" mọ́. Ní ibi tí òfin VAPP bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó já ìyàwó tàbí ọmọ jù sílẹ̀ láìfún wọn lóhun tí wọ́n á jẹ, ọ̀daràn ni, ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3 tàbí owó ìtanràn tó tó ₦500,000 ló wà níbẹ̀. Lílé ìyàwó tàbí ọkọ síta nínú ilé tipátipá náà ní ẹ̀wọ̀n tiẹ̀, ọdún 2. Tọkùnrin tobìnrin ló kàn.

Ẹni tí wọn ò fẹ́ sílé ńkọ́, tó kàn bímọ fún ọkùnrin? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ò béèrè bóyá wọ́n san owó orí. Ó lè lọ sí fámílì kóòtù, ó wà ní ìpele májísíréètì àti ní ilé-ẹjọ́ gíga, kó béèrè owó ìtọ́jú, bàbá náà sì lè lọ síbẹ̀ láti béèrè àyè láti máa rí ọmọ ẹ̀.

DNA ti wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé báyìí. Ohun tí òfin sọ nìyí: ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó ṣì wà, tàbí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tó tú tí ìyá ò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ ọkọ yẹn ni wọ́n kà á sí, inú abala 165 òfin ẹ̀rí 2011 ló wà. Kóòtù lè pàṣẹ àyẹ̀wò lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ẹjọ́ bá ń lọ lórí ta ni bàbá. Àmọ́ kí ọkùnrin kàn dìde ní ìjà kó ní òun ò gbà pé ọmọ òun ni, kó má sanwó mọ́, ìyẹn ò tó. Ìwọ lo máa fi hàn pé kì í ṣe tìẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa ka èsì DNA síta lójú ọmọ, ẹ má gbé e sórí fesibúùkù. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́wàá ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ilé tẹ́ ẹ jọ kọ́ wá ńkọ́? Nàìjíríà ò ní òfin pé kí wọ́n pín in sí méjì dọ́gba. Abala 72 nínú òfin 1970 fún adájọ́ láyè láti pín ohun ìní bó bá ṣe tọ́, fún àǹfààní tọkọtaya tàbí àwọn ọmọ, àmọ́ ẹ̀rí ló ń wá. Obìnrin tó ta góòlù ẹ̀ tó gba àjọ fi ra sìmẹ́ǹtì, tí gbogbo rìsíìtì wà lórúkọ ọkọ, iṣẹ́ ńlá ló máa ṣe níwájú adájọ́. Ẹ kọ orúkọ yín méjèèjì sórí ìwé ilẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà, ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kó ní àkọsílẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tiẹ̀ le jù lórí èyí, torí lábẹ́ àṣà Yorùbá tí kóòtù ti fọwọ́ sí láti 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ìyàwó kì í jogún ọkọ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń bá lọ, àwọn ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kí ìyàwó òun ní ibi gbé lẹ́yìn ikú òun, ìwé ìhágún ni kó ṣe.

Àwọn tó ti lọ sókè òkun náà ń béèrè. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kẹrin 2022, wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi mọ́, ẹnì kan ṣoṣo lè kọ̀wé pé ó ti bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ 20 á kọjá, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6, ó tán. Tó bá sì jẹ́ pé Nàìjíríà lẹ ti kọ́kọ́ kọ ara yín, owó lè má tíì parí síbẹ̀. Ẹjọ́ Agbaje ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ẹjọ́ gíga l'Ékòó tú wọn ká lẹ́yìn ìgbéyàwó tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ní kí obìnrin náà máa gbé ilé kan l'Ékòó títí ayé ẹ̀, wọ́n sì bu owó díẹ̀ fún un, àmọ́ London lòun ń gbé. Ó gbé e lọ sí kóòtù ní London, wọ́n fún un ní £275,000 kó fi rílé rà, ọkọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ó sì borí, àmọ́ nígbà tó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní 2010, obìnrin náà ló gba ìdájọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń sáré wá sílé wá kọ ìyàwó torí pé ó rọrùn níbí, ẹ rò ó dáadáa.

Ti ọmọ tún le ju ìyẹn lọ. Gbígbé ọmọ kúrò ní Ìlú Ọba lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Òṣogbo láìjẹ́ pé òbí kejì tàbí kóòtù gbà, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin wọn ti 1984, àwọn èèyàn ń ṣe é bí ẹni pé họlidé lásán ni. Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Hague ti 1980 lórí dídá ọmọ tí wọ́n gbé sá padà, torí náà tí ọmọ bá ti dé ibí, ẹjọ́ tuntun ni òbí kejì máa bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù wa, ó máa náwó, ó sì máa pẹ́. Tẹ́rù bá ń bà yín pé ẹnì kejì fẹ́ gbé ọmọ wá sílé tàbí jáde lọ, kí ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kẹ́ ẹ lọ gba àṣẹ kóòtù, ẹ má dúró di ìgbà tó bá ti lọ.

Tí owó lọ́yà ò bá sí, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà láti 1976, wọ́n ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, FIDA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, náà ń ran àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́wọ́. Èkó tún ní Office of the Public Defender àti Citizens' Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ owó oúnjẹ ló ń parí síbi tábìlì ibẹ̀ láìdé iwájú adájọ́. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú sátífíkéètì ìgbéyàwó dání, tí kò bá sí ẹ mú fọ́tò ìdáná àti orúkọ ẹni méjì tó wà níbẹ̀, ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ, rìsíìtì ilé ìwé tuntun jù, mẹ́sééjì tẹ́ ẹ ti fi béèrè owó, àti ìwé ọsibítù tó bá jẹ́ pé wọ́n lù yín. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbé inú ilé yẹn.